Ṣé ọ̀tẹ̀ ni ẹ̀sìn Búdà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Àríyànjiyàn lórí Íńdíà àtijọ́

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtàn: Ẹ kú ọjọ́ gbogbo. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé Gautama, tí a mọ̀ sí Búdà, dìde láti wó ẹ̀sìn Híńdù lulẹ̀, pé àwọn tí àwọn àlùfáà Bráámínì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ́ tẹ̀ lé e, àti pé ìdí nìyẹn tí ẹ̀sìn rẹ̀ fi tàn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé inú agbo ilé kan náà ni wọ́n ti bí i, pé àwọn ọba àti àwọn ọlọ́jà ni wọ́n gbé e ró, àti pé kò fọwọ́ kan ohun tí ó so àwùjọ ibẹ̀ pọ̀, ìyẹn ipele tí wọ́n bí kálukú sí. Sariputta àti Moggallana, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ méjì tí wọ́n ga jù, ọmọ Bráámínì ni àwọn méjèèjì.

Ọmọ-Agbẹjọ́rò: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín, ṣùgbọ́n ẹ fo ẹnì kan. Upali, ẹni tí ó mọ òfin àwọn mọ́ńkì ju gbogbo wọn lọ, onígbàjámọ̀ ni. Nígbà tí òun àti àwọn ọmọ ìjòyè Sakya, ìran Búdà fúnra rẹ̀, jọ fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì náà, ìtàn sọ pé àwọn ọmọ ìjòyè fúnra wọn ni wọ́n bẹ Búdà pé kí ó gba onígbàjámọ̀ wọn wọlé ṣáájú àwọn, kí àwọn lè máa dìde fún un, kí àwọn sì máa kí i, nítorí pé ọjọ́ tí ènìyàn wọlé ni wọ́n fi ń mọ àgbà níbẹ̀, kì í ṣe ilé tí wọ́n bí i sí. Ọmọ ìjòyè ń tẹrí ba fún ẹni tí ó ń fá orí fún un lánàá! Bí ìyẹn kì í bá ṣe ọ̀tẹ̀, orúkọ wo ni a ó sọ ọ́?

Ìyá-Olùkọ́: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Kò sí ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Híńdù ní ọ̀rúndún karùn-ún kí wọ́n tó bí Jésù. Láti ara orúkọ odò Sindhu ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, àwọn ará Páṣíà ni wọ́n fi ń pe ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó di orúkọ ẹ̀sìn. Ohun tí ó wà nígbà náà ni ẹ̀sìn àwọn Bráámínì, pẹ̀lú Veda tí í ṣe ọ̀rọ̀ mímọ́ wọn, iná mímọ́ àti ìrúbọ, èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Gáńjísì ju bí ó ti rí ní ilẹ̀ ọba Magadha ní ìlà-oòrùn lọ. Magadha yìí wà lára ibi tí Búdà ti rìn jù, àwọn mìíràn tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ láti wá ìgbàlà sì pọ̀ níbẹ̀: Mahavira ti àwọn Jáìnì wà, Makkhali Gosala ti àwọn Ajivika náà wà, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Àtúnwáyé àti èrè ìwà tí Búdà ń sọ ti wà nínú àwọn Upanishad, ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ àwọn Bráámínì, bí ó tilẹ̀ tú u palẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ojúlé kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé abọ́ lọ láti tọrọ oúnjẹ, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé òun nìkan ni ó dojú kọ ẹ̀sìn ńlá kan.

Oníṣòwò-Òkèèrè: Màmá ti là á. Èmi yóò fi ti ọjà kún un. Àsìkò yẹn ni irin àti ìrẹsì gbígbìn sọ àwọn ibùdó kéékèèké di ìlú ńlá, tí owó fàdákà tí wọ́n lu àmì sí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kárí ọjà. Anathapindika, oníṣòwò ìlú Savatthi, ni ìtàn sọ pé ó fi owó tẹ́ gbogbo ilẹ̀ ọgbà Jeta kí ó tó lè rà á fún àwọn mọ́ńkì. Kí ni oníṣòwò rí lọ́bẹ̀ tí ó fi waaro ọwọ́? Nínú ìwé òfin àwọn Bráámínì kan, ẹni tí ó bá rìnrìn àjò lórí òkun sọ ipò rẹ̀ nù, wọ́n bẹnu àtẹ́ lu èlé gbígbà, wọ́n sì ní ó ṣòro kí ẹni tí eruku ìgboro bo ara rẹ̀ rí ìgbàlà. Búdà ní tirẹ̀ kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sigala pé kí ó pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin: kí ó ná ìdá kan, kí ó fi méjì ṣòwò, kí ó fi ẹ̀kẹrin pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Ọlọ́jà wo ni kò ní fetí sí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtàn: Ẹ ṣeun. Àbúrò mi agbẹjọ́rò, ó yá, òfin ni iṣẹ́ yín. Òfin àwọn mọ́ńkì kan náà tí Upali mọ̀ dunjú ni ó sọ pé wọn kò gbọdọ̀ gba ẹrú wọlé, wọn kò gbọdọ̀ gba ajigbèsè, wọn kò sì gbọdọ̀ gba ọmọ-ogun ọba. Àwọn ọmọ-ogun Bimbisara, ọba Magadha, ni wọ́n sá kúrò lójú ogun lọ fá orí di mọ́ńkì, tí ọba fi wá bá Búdà sọ ọ́. Bimbisara yìí kan náà ni ó ti fún wọn ní ọgbà Oparun ní Rajagaha. Ẹgbẹ́ tí ó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹrú kí olówó rẹ̀ má baà bínú, báwo ni a ṣe fẹ́ pè é ní ọlọ̀tẹ̀?

Ọmọ-Agbẹjọ́rò: Mo mọ òfin yẹn, n kò sì ní sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn fẹ́ ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ọba yóò jẹ́ kí ó ṣe. Ẹ wo ohun tí Búdà sọ nígbà tí Assalayana, ọ̀dọ́ Bráámínì kan, wá sọ fún un pé ẹnu Brahma, ọlọ́run wọn, ni wọ́n ti bí àwọn Bráámínì. Ó bi í léèrè bóyá àwọn ìyàwó Bráámínì kì í ṣe nǹkan oṣù ni, tí wọn kì í lóyún, tí wọn kì í bímọ, tí wọn kì í fún ọmọ lọ́mú bí obìnrin yòókù. Ó tún ní ní ilẹ̀ àwọn Yona, ìyẹn àwọn Gíríìkì, ipele méjì péré ni ó wà, ọ̀gá àti ẹrú, àti pé ọ̀gá lè di ẹrú, ẹrú sì lè di ọ̀gá. Ẹni tí ó bá ti sọ èyí ti sọ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe ipele ìbí, kì í ṣe ọwọ́ Ọlọ́run.

Àgbẹ̀-Kan: Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ màlúù. Bráámínì kan tí ń jẹ́ Kutadanta kó akọ màlúù 700, ọ̀dọ́ akọ màlúù 700, ẹgbọrọ abo màlúù 700, ewúrẹ́ 700 àti àgbò 700 jọ fún ìrúbọ ńlá. Ó lọ bá Búdà fún ìmọ̀ràn, Búdà sì sọ ìtàn ọba àtijọ́ kan fún un, tí ó kọ́kọ́ fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, tí ó fún oníṣòwò ní owó òwò, kí ó tó rú ẹbọ tí kò ta ẹ̀jẹ̀ ẹran kankan sílẹ̀. Kutadanta tú gbogbo ẹran náà sílẹ̀. Ẹni tí ó ń fi màlúù túlẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ìyá-Olùkọ́: Àpẹẹrẹ yìí dára. Ẹ kíyè sí i pé Búdà kò sọ pé kí Kutadanta má rúbọ mọ́. Ìtumọ̀ ẹbọ ni ó yí padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti yí ìtumọ̀ Bráámínì padà di ẹni tí ìwà rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ashoka jọba, ní ọ̀rúndún kẹta kí wọ́n tó bí Jésù, tí ó sì kọ ọ́ sára àpáta pé 100,000 ènìyàn ni wọ́n pa nínú ogun tí òun fi ṣẹ́gun ilẹ̀ Kalinga, ó dín owó orí ìlú Lumbini kù nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí Búdà sí, síbẹ̀ ó pàṣẹ kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún Bráámínì àti fún mọ́ńkì bákan náà, ó sì fún àwọn Ajivika ní ihò àpáta ní Barabar.

Ọmọ-Agbẹjọ́rò: Mo gbà, Màmá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1956, nígbà tí Ambedkar, aṣáájú àwọn tí ipele ìbí sọ di ẹni ẹ̀yìn ní Íńdíà, kó ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìmọ́ wọ ẹ̀sìn Búdà ní Nagpur, kì í ṣe ọgbà Jeta tí olówó rà ni wọ́n rí níbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ kúrò lábẹ́ ipele ìbí ni.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtàn: Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1956 kò lè jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Rajagaha, àbúrò mi. Mo gba Upali lọ́wọ́ yín, mo sì gba Assalayana. Ẹ dáhùn ti ẹrú fún mi.