Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò, Ilẹ̀ Tí Wọn Yóò Bà Sí Ńkọ́?

"Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra." Òwe yìí la fi ń parí ìjà àwọn tó ń ṣòwò kan náà lójú kan náà. Bí ìyá méjì bá ń du oníbàárà nídìí àmàlà ní Tákìé, n'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àgbà tó bá ń kọjá lọ á ní kí kálukú máa ta tirẹ̀, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfuurufú ti wọ inú ìpolongo ìbò ni àwọn olóṣèlú ti ń wọ́ òwe náà lọ síbi tí kò dé. Wọ́n ní bí ìpínlẹ̀ kan bá ní pápákọ̀, kí ìkejì náà ní tirẹ̀, àyè wà lókè fún gbogbo wa. Àyè wà lókè lóòótọ́, àmọ́ òwe yìí kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Gbogbo ẹyẹ tó bá fò ni yóò bà, ilẹ̀ tí bàálù ń bà sí ló sì ń jẹ owó.

Ẹ tún wo apá kejì òwe náà, "láì fara kanra". Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Bí bàálù méjì bá fẹ́ kọjá lórí ara wọn, àlàfo tó tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000 gbọ́dọ̀ wà láàárín èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló jókòó sídìí rédíò àti rédà tó ń ṣọ́ àlàfo yẹn lọ́sàn-án lóru. Tí rédíò bá ń há, tí òṣìṣẹ́ kò bá sùn dáadáa, ewu dé nìyẹn. Iṣẹ́ ni àìfarakanra.

Ojú ọ̀run náà sì ní onílé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Chicago lọ́dún 1944 sọ ọ́ ní abala kìíní pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni òfuurufú tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìjọba fi ń bá ìjọba jókòó lórí iye ìgbà tí bàálù ẹnì kìíní yóò bà sílé ẹnì kejì lọ́sẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn aláṣẹ UAE, orílẹ̀-èdè tí Dubai wà, fún Air Peace, ilé-iṣẹ́ bàálù Nàìjíríà, láyè ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ìlú Sharjah, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n béèrè. Nàìjíríà náà gé ti Emirates, ilé-iṣẹ́ bàálù UAE, láti ìgbà 21 lọ́sẹ̀ sí ẹyọ kan. Àwọn kan pè é ní ìbínú òmùgọ̀, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ẹni tó ń gba 21 lọ́wọ́ wa yẹ kó lè yọ̀ǹda mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí Emirates tún dáwọ́ dúró lọ́dún 2022, àwa la jẹ̀bi. Wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì ní náírà, wọn ò rí dọ́là rà láti fi kó owó wọn lọ sílé. Ó di oṣù Kẹwàá ọdún 2024 kí wọ́n tó padà, èrò Nàìjíríà ló sì jìyà rẹ̀, nítorí bí bàálù bá ṣe ń dín kù lójú ọ̀nà ni owó tíkẹ́ẹ̀tì ń gun òkè. Ẹ̀rí rẹ̀ hàn lóṣù Kẹta ọdún 2024 tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í ná London: àwọn ilé-iṣẹ́ àjèjì tó ti ń ná ọ̀nà náà wá já owó tiwọn wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Ògbómọ̀ṣọ́ wà láàárín pápákọ̀ méjì. Ti Ìlọrin kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 sí wa lọ, ti Alákíà n'Ìbàdàn sì tó bíi 100. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé n'Ìlọrin gùn tó mítà 3,100, ti Alákíà jẹ́ bíi 2,400 kí iṣẹ́ àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. ATR 72, bàálù alábẹ̀bẹ̀ tó ń gba bíi àádọ́rin èrò, lè gbéra lórí bíi mítà 1,300. Boeing 737-800 tó kún dẹ́mú ń fẹ́ bíi 2,300 níbi tí atẹ́gùn ti tutù. Lọ́sàn-án gangan lọ́dọ̀ wa, atẹ́gùn gbígbóná a máa fúyẹ́, ìyẹ́ bàálù kì í rí i tẹ̀ dáadáa, agbára ẹńjìnnì náà á dín. Páílọ́ọ̀tì á wá dín ẹrù tàbí epo kù kí ọ̀nà tó tó o. Iṣẹ́ àtúnṣe tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé dìde ní Alákíà bọ́gbọ́n mu nítorí èyí, ó sì sàn fíìfíì ju kí ẹnikẹ́ni lọ wá igbó tuntun ṣán.

Nítorí wọ́n á wá. Ní gbogbo ìgbà ìbò ni ẹnì kan máa ń dé tí yóò ní Ògbómọ̀ṣọ́ tóbi tó ìlú tó yẹ kó ní pápákọ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń ṣírò kó tó gbé ìkòkò kaná. Ká sọ pé ATR kan ń wá lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, tí èrò 42 ń wọ̀ ọ́ kúrò nílùú. Ká sọ pé pápákọ̀ ń gba ₦2,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. ₦84,000 lóòjọ́ nìyẹn. Tí kò bá pa ọjọ́ kankan jẹ láàárín ọdún, kò pé mílíọ̀nù 31 náírà. Nínú rẹ̀ ni a ó ti san owó oṣù àwọn panápaná àti ẹ̀ṣọ́, ra dísù jẹnẹrétọ̀, gé koríko, tún ọgbà ṣe kí màlúù má baà wọlé, kí a sì máa pààrọ̀ gílóòbù tó ń jó. Òfin àgbáyé ní kí pápákọ̀ tó ń gba ATR ní ọkọ̀ panápaná kan, kí èyí tó ń gba 737-800 ní méjì, kí ọkọ̀ náà sì lè dé ibikíbi lórí ọ̀nà bàálù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí ọ̀kan nínú méjì yẹn bá bàjẹ́, bàálù ńlá kò gbọdọ̀ bà mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀.

Tí kò bá sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú epo bàálù sí níbẹ̀, bàálù náà ni yóò ru epo àlọ àti àbọ̀, yóò sì máa jó epo láti fi gbé epo. Ohun kan tún wà tí àwọn olóṣèlú kì í mẹ́nu bà: ẹńjìnnì bàálù kì í ka wákàtí nìkan, ó ń ka iye ìgbà tó gbéra. Àwọn irin kan wà nínú rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ yọ dànù tó bá ti gbéra níye ìgbà kan, bíi 20,000, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú 25 ló fò ní gbogbo ìgbà náà, ì báà jẹ́ wákàtí mẹ́fà. Ìrìn Ìbàdàn sí Èkó, tí kò tó ààbọ̀ wákàtí, ń jẹ ẹńjìnnì bí ìrìn tó lọ jìnnà. Láti ọdún 2021 sì ni rélùwéè tuntun ti ń kó èrò láàárín ìlú méjèèjì. Èrò Àbújá ló lè bọ́ Alákíà, òun kan náà ló ń bọ́ Ìlọrin. Tí a bá pín in sí mẹ́ta, ebi ni yóò pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé Ìlọrin ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, pé kì í ṣe tiwa. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ìyá tó ń kó ọjà lọ Ìlọrin láàárọ̀ tó sì ń dé nírọ̀lẹ́ kò bèèrè ìpínlẹ̀ kí ó tó wọkọ̀. Ohun tó yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba ni bọ́ọ̀sì tó mọ aago tí bàálù ń gbéra, àti ọ̀nà tó dáa. Ọ̀nà márosẹ̀ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kìlómítà 52 péré, ti falẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ẹ̀mí tó sì ti bá ojú ọ̀nà àtijọ́ lọ kò ṣe é kà. Kí lèrè bàálù fún ẹni tí tírélà dá dúró sójú ọ̀nà?

Lọ́dún 2023, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sọ pápákọ̀ Alákíà. Ọmọ wa ni, inú wa dùn. Èmi yóò ní ká fi ẹ̀tọ́ orúkọ náà bèèrè iná ojú ọ̀nà bàálù tó ń tàn lóru, àti ẹ̀rọ tó ń tọ́ páílọ́ọ̀tì sọ́nà nínú ọyẹ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí bàálù lè bà.

Àwọn àgbà tún ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ mẹ́ta kí ìjọba tó yí padà, bàálù kan bà sí Àbújá tí wọ́n fi ọ̀dà kọ Nigeria Air sí lára. Bàálù Ethiopian Airlines ni. Wọ́n wò ó, wọ́n ya àwòrán, ó sì padà sí Etiópíà. Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára bàálù kò tíì ní ìwé-àṣẹ tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, máa ń fún ẹni tó fẹ́ gbé èrò. Ìpele márùn-ún ni ìwé náà ní, láti orí ìfilọ̀, dé orí ìdánwò níbi tí àwọn olùyẹ̀wò ti ń jókòó sínú bàálù wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, títí dé orí fífúnni ní ìwé náà. A kì í fi ọ̀dà fo ìpele kankan. Kì í sì í ṣe pé ohun ìjọba kì í dáa. Ti ìjọba ni Ethiopian láti ọdún 1945, òun ló sì tóbi jù ní Áfíríkà lónìí. Ti ìjọba ni Nigeria Airways náà, ó kú lọ́dún 2003. Ní ti wa, àwọn aláṣẹ ń wọ bàálù láì sanwó, iléeṣẹ́ ìjọba ń jẹ gbèsè, ọ̀gá ń yí padà bí ìjọba bá ṣe ń yí. Ìwà ló pa á.

Ìwà náà ṣì wà. Nínú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wà tí ilé-iṣẹ́ bàálù ń bá ìjọba gbà. Owó àwọn tó ń ṣọ́ òfuurufú, tó ń wo ojú ọjọ́, tó ń wádìí ìjàǹbá ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbà á tó fi ra epo ti ná owó ẹlòmíràn, bó ti wù kí ìyà epo pọ̀ tó.

Àwọn ènìyàn ńlá náà ńkọ́? Bàálù kan náà lè ṣe ìrìn márùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́, kí wọ́n sì fún un ní bíi ìṣẹ́jú 45 nílẹ̀ láàárín ìrìn kan sí èkejì. Bí aláṣẹ kan bá ní kí tàárọ̀ dúró dè é fún ìṣẹ́jú 40, kò sí ibi tí wọn yóò ti rí ìṣẹ́jú náà gbà padà. Á di wákàtí kan lọ́sàn-án, á di wákàtí méjì nírọ̀lẹ́. Pápákọ̀ tí kò ní iná sì máa ń ti ilẹ̀kùn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Èrò tó fẹ́ sùn nílé rẹ̀ n'Ìbàdàn á wá sùn ní Àbújá nítorí ẹni tí kò fojú rí rí.

Ṣùgbọ́n kí èrò náà mọ ìyàtọ̀. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2006, bàálù ADC, ilé-iṣẹ́ bàálù Nàìjíríà kan, gbéra nínú ìjì l'Ábújá, ó já. Nínú àwọn 105 tó wà nínú rẹ̀, 96 ló kú, Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára wọn. Àwọn tó ṣèwádìí dá páílọ́ọ̀tì lẹ́bi pé ó gbéra nínú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi: tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀nà débi pé a kò ríran tó mítà 800, tí páílọ́ọ̀tì bá kọ̀ láti bà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má bú ọmọ tó jókòó sídìí káńtà.

Tí kì í bá ṣe ojú ọjọ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fún ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sí Nàìjíríà, òfin NCAA ní tí bàálù bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ìpanu àti ohun mímu. Tó bá ju méjì lọ, ẹ lè gba gbogbo owó yín padà. Tó bá bọ́ sí aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò wá ibi tí ẹ ó sùn àti ọkọ̀ tí yóò gbé yín dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá fagi lé ìrìn láì sọ fún yín ní wákàtí 24 ṣáájú, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì ni owó ìtanràn, àfi tó bá jẹ́ ohun tó kọjá agbára wọn. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì ₦120,000, ₦30,000 nìyẹn.

Ẹ má dí ẹnu ọ̀nà bàálù, ẹ má sì bọ́ sí ibi tí bàálù ń rìn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, á sì sọ olóòótọ́ di ọ̀daràn. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé tí ẹ fi fẹ́ wọlé. Ẹ ya àwòrán pátákó tí aago wà lórí rẹ̀. Ẹ bèèrè ìdí, ẹ sì kọ èsì wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ bàálù lẹ ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí, tí wọn ò bá dáhùn ni ẹ ó gbé e lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ NCAA tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò ní pápákọ̀. Kí lẹ́tà náà má ju ojú ewé kan lọ: nọ́ńbà bàálù, ọjọ́, aago tó yẹ kó gbéra, aago tó gbéra, ìdí tí wọ́n sọ, iye tí ẹ san, àti iye tí ẹ ń béèrè.