Owó káńsù Àgbádárìgì: etí omi ni àbí gọ́tà?

Ọmọ Ìbẹ̀rẹ̀kò: Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, mo kí gbogbo yín nílé lóko. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a pé kí owó ìpín ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sápò káńsù tààrà, kí gómìnà kankan má fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tó di 12 oṣù Keje 2025, a dìbò yan alága àti kánsẹ́lọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ Èkó. Ká ní owó náà wọlé lódindi, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Etí omi tí àwọn ìyá wa ti ń já ẹrù wá sí ọjà Àgbálátà ni, àbí gọ́tà àdúgbò? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò béèrè ọ̀nà márosẹ̀ o. Ìyẹn kì í ṣe ti káńsù.

Jagunlabí: Ọ̀nà márosẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

Àbíkẹ́ Àjàrá: Oko wo lẹ ń kí? Wọ́n ti ń gé igi àgbọn lulẹ̀ kí wọ́n lè gé ilẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì tà. Ilé nìkan ni kẹ́ ẹ máa kí.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Etí omi ni, ọmọ mi. Bí òjò bá fi lè rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ọjà, ẹrọ̀fọ̀ á mù ọ́ dé ojúgun. Apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan á wà lórí mi, ẹsẹ̀ kan á wà nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kejì á rì sínú ẹrọ̀fọ̀, ọkọ̀ á sì máa sún kúrò lẹ́yìn mi. Bí ọmọ tó ń tukọ̀ ò bá tètè di ìdí apẹ̀rẹ̀ mú, ó parí. Ẹja yíyan tó bá ti kan omi, ọjọ́ yẹn náà lo máa tà á ní owó pọ́ọ́kú, torí tó bá di ọjọ́ kejì, á ti máa hu. Kí wọ́n bá wa fi simẹ́ǹtì ṣe àtẹ̀gùn síbẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò: Owó wo lẹ ń pín? Àpò àjọni tí ìwé òfin ọdún 1999 dá sílẹ̀ ní ẹ̀ka 162, tí owó káńsù máa ń gbà kọjá lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ṣì wà nínú ìwé òfin náà. Ilé ẹjọ́ ti sọ tiẹ̀. Ẹ wò ó bóyá owó ti gbọ́.

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ jẹ́ ká dá ìbéèrè yìí lóhùn bó ṣe tọ́. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, gọ́tà, iná ojú pópó, kíkó ìdọ̀tí, ìtẹ́ òkú. Ọjà àti gọ́tà, iṣẹ́ wọn ni méjèèjì. Etí omi ló la ariwo lọ. Ní oṣù Kìíní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ yìí kan náà dá a pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí ojú omi abẹ́lé, nípasẹ̀ NIWA, àjọ ojú omi ti àpapọ̀, kì í ṣe LASWA, àjọ ojú omi ti ìpínlẹ̀ Èkó. Bí káńsù bá fẹ́ kọ́ ohunkóhun wọnú omi, àwọn yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹrọ̀fọ̀ náà wá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ni? Ẹrọ̀fọ̀ ni mò ń sọ, mi ò sọ omi.

Sẹ̀mẹ̀ Lọ Bọ̀: Hahaha, màmá ti pa wá o! Kí wọ́n gbé ẹrọ̀fọ̀ lọ sí Àbújá!

Jagunlabí: Mo ní ọ̀nà márosẹ̀! Ọdún 2009 ni Fashola bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ mẹ́wàá á máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń jókòó fún WAEC. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ gọ́tà.

Ọmọ Ìbẹ̀rẹ̀kò: Ẹ̀gbọ́n Jagunlabí, mo ti kọ ọ́ sókè pé ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe ti káńsù. Ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀ ló wà nídìí ìyẹn.

Jagunlabí: Ẹni yòówù tí ì báà ni ín, kí wọ́n ṣe é.

Sẹ̀mẹ̀ Lọ Bọ̀: Èmi ò rí ti ọ̀nà rò bíi ti àwọn tó dúró sójú ọ̀nà. Láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Agbára, ẹ ò lè tòògbé nínú ọkọ̀. Bí ojú bá ti ń wọ̀ yín, ẹ ó gbọ́ pé "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ló wà nínú báàgì yẹn?" Wọ́n ti bodè ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n ṣí i ní oṣù Kejìlá 2020, ìdúró ojú ọ̀nà ò sì dín. Ìyá àgbà kan wà nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ kẹ́yìn, gàrí àti àgbọn péré ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n tú u palẹ̀. Ó ń ṣa gàrí díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a ṣa á lára àwọn tó tú u.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Olúwa á bá wa dá sí i. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún èmi náà rí.

Ọmọ Tòpò: Gbogbo èyí ò ní tán, àfi tí Àgbádárìgì bá di gómìnà. Ẹ ka IBILE wò, ẹkùn márùn-ún tó para pọ̀ di Èkó: Ìkẹjà, Badagry, Ìkòròdú, Lagos Island, Ẹ̀pẹ́. Láti 1999, Tinubu ṣe é, Fashola ṣe é, Ambode ọmọ Ẹ̀pẹ́ ṣe é, Sanwo-Olu wà níbẹ̀. Kò sí ọmọ Àgbádárìgì kankan. 2027 kàn wá.

Ọ̀jọ́ Ló Bí Mi: Ẹ má sọ̀rọ̀ bíi pé wọn ò fún wa ní nǹkan kan. Idiat Adebule ṣe igbákejì gómìnà láti 2015 sí 2019, ó sì ti di sẹ́nétọ̀ láti 2023. Ọmọ ẹkùn wa ni.

Ọmọ Tòpò: Ọ̀jọ́ nìyẹn. Àgbádárìgì ni mo pè.

Ọ̀jọ́ Ló Bí Mi: Ìwọ lo ka IBILE fún wa. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló wà lábẹ́ Badagry ibẹ̀: Badagry, Ọ̀jọ́, Amúwo Ọ̀dọ̀fin, Ajérọ̀mí Ìfẹ́lódùn. Kí lo wá ń sọ?

Ọmọ Tòpò: Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ipò, Àgbádárìgì lẹ̀ ń jẹ́. Bó bá ti dọ́wọ́ yín tán, Ọ̀jọ́ lẹ̀ ń jẹ́. A ti mọ̀ yín. Àti pé, ta lò ń pè ní "ìwọ"? Mo ní ọmọ ní yunifásítì.

Ọ̀jọ́ Ló Bí Mi: Yunifásítì wo? Bó bá jẹ́ LASU, Ọ̀jọ́ ló wà. Ẹ kí ọmọ yín fún mi.

Ọmọ Tòpò: Ìpínlẹ̀ ló dá LASU sílẹ̀ ní 1983, bàbá ẹnikẹ́ni kọ́ ló kọ́ ọ.

Àgbọn Tútù Délé: Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àgbọn tútù wà, ojúlówó Àgbádárìgì. À ń gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́.

Sẹ̀mẹ̀ Lọ Bọ̀: Ṣé ti Àgbádárìgì ni lóòótọ́, àbí ti Ọ̀jọ́?

Àgbọn Tútù Délé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ọjà mi wọnú ìjà.

Àbíkẹ́ Àjàrá: Ẹ bá mi kó mẹ́wàá. Ṣé ẹ máa bá mi là á ni?

Àgbọn Tútù Délé: A máa là á, a máa gé e, a tún máa bu omi ẹ̀ sínú ike, àǹtí mi.

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ owó. Káńsù wo gan-an ni Ọmọ Ìbẹ̀rẹ̀kò ń béèrè ẹ̀? Mẹ́ta ló wà níbí: Badagry fúnra ẹ̀, Badagry West, àti Ọlọ́runda. LCDA ni méjì tó kẹ́yìn, ìyẹn káńsù ìdàgbàsókè, wọ́n wà lára 37 tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2003. Wọn ò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ìwé òfin dárúkọ. Orúkọ Badagry nìkan ni owó á fi tọ Àbújá wá, ẹ̀yìn náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá pín in. Tẹ́ ẹ bá ń pín owó náà lọ́kàn yín, ẹ má gbàgbé pé ọ̀nà mẹ́ta ló máa ya sí.

Ọmọ Ìbẹ̀rẹ̀kò: Olùkọ́, ẹ ṣeun gan-an. Irú èyí ni mò ń wá. Ẹ̀yin tó kù ńkọ́?

Ọ̀jọ́ Ló Bí Mi: Ọmọ Tòpò, o ò tíì dá mi lóhùn. Jandor tó gbé àpótí gómìnà lábẹ́ PDP ní 2023, ọmọ Ọ̀jọ́ ni, ẹkùn Badagry ló sì fi ń polongo. Ṣé o dìbò fún un?

Ọmọ Tòpò: Ìbò mi ò kàn ọ́.

Ọ̀jọ́ Ló Bí Mi: Ó ti hàn. Ọmọ ẹkùn jáde, ẹ ò dì í fún un, ẹ wá ń pariwo pé kò kàn yín rí.

Ọmọ Tòpò: Torí pé ó ti ẹkùn kan náà wá, kí n wá ti ọwọ́ bọ ìwé láìwo ẹgbẹ́? Mo wo ẹgbẹ́, mo wo èèyàn. Ọ̀jọ́ sì ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò: Ẹ ẹ̀ ń wo èbúté ọkọ̀ òkun ni? Ibẹ̀ ni owó wà. Lẹ́kkí ti gba tiwọn, Buhari lọ ṣí i ní oṣù Kìíní 2023. Ti Àgbádárìgì ṣì wà lórí ìwé. Bí ọkọ̀ òkun bá ń gúnlẹ̀ síbí, àwọn fúnra wọn ló máa ṣe ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún, torí ẹrù wọn ò ní lè dúró.

Jagunlabí: Ẹ ṣeun! Ọ̀NÀ!

Àbíkẹ́ Àjàrá: Rélùwéè náà ńkọ́? Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ló ti ń kó èrò láti Marina dé Mile 2. Wọ́n ní ó máa dé Òkókómáíkò.

Ọmọ Tòpò: Òkókómáíkò! Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ náà tún nìyẹn. Ṣé ẹ rí i báyìí? Gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ní ó ń bọ̀ fún Àgbádárìgì, Ọ̀jọ́ ló máa ń dúró sí.

Ọ̀jọ́ Ló Bí Mi: Ṣé kó fò wá sí Tòpò ni? Ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pè é ní ẹkùn kan náà.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bú ara yín. Bí ọkọ̀ ojú irin bá dé tàbí kò dé, ojú omi lèmi ń gbà. Àwọn tó ń ti Gberefu wá sọ́jà, ojú omi ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá lẹ́nu níbẹ̀ kó bá wa sọ fún kánsẹ́lọ̀ wa.

Sẹ̀mẹ̀ Lọ Bọ̀: Màmá, ta ni kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Mo rí i nígbà ìbò.

Ọmọ Tòpò: Mo tún un sọ o: ọmọ Àgbádárìgì gan-an, tí wọ́n bí sí ìlú Àgbádárìgì, tó ń gbé Àgbádárìgì, ni kó ṣe gómìnà ní 2027.

Ọ̀jọ́ Ló Bí Mi: Bí wọ́n bá wá fi ọmọ Amúwo síbẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Tòpò: Amúwo kẹ̀? Ìyẹn ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ wa rárá.

Festac Lèmi Ń Gbé: Ta ló ní Amúwo ò sí nínú ọ̀rọ̀? Ẹ dúró dè mí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á láti òkè.