Iyè Ìyá Àgbà Ò Tíì Lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ mi ò fara mọ́ ibi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé àgbà tó bá ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ, iyè ẹ̀ ti lọ pátá. Ìyá àgbà wa n'Ìkẹ́rẹ́ kì í rántí oúnjẹ àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ odó fún wọn: iyán ò ní ní kókó kan. Ọ̀tọ̀ ni ìrántí ọwọ́.

Ẹ wo Henry Molaison, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún lọ́dún 1953, tí kò sì lè fi ohun tuntun sọ́kàn mọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrántí, ní kó máa wo dígí ya ìràwọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ń já fáfá sí i lójoojúmọ́, síbẹ̀ kò rántí pé òun yà á rí!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí iyè àgbà ṣe rí, kí àwọn tó ń yẹ ìrántí wò ka nọ́ńbà fún màmá, kí màmá kà á padà láti ẹ̀yìn. Kí wọ́n pa ìtàn kékeré, kí wọ́n tún bi màmá nípa ẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 30. Èdè Èkìtì ni kí wọ́n fi bi màmá o, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.