Níní kíríptò kò fìgbà kankan jẹ́ ọ̀ràn ní Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé láti ọdún 2021 ni ìjọba ti sọ kíríptò, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi Bitcoin, di èèwọ̀, pé ẹni tí wọ́n bá bá Bitcoin lórí fóònù rẹ̀ ti rú òfin. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń dùn mí, torí òun ni àwọn ọlọ́pàá kan fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ lójú pópó.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021, Báǹkì Àpapọ̀ kọ ìwé. Àwọn báǹkì àti iléeṣẹ́ ìṣúná ló kọ ọ́ sí, kò kọ ọ́ sí èmi àti ẹ̀yin. Ó ní kí wọ́n má bá ilé pàṣípààrọ̀ kíríptò dòwò pọ̀, kí wọ́n sì ti àkáǹtì ẹni tó bá ń lò ó fún òwò náà. Pé wọ́n lè ti àkáǹtì rẹ pa kò sọ ọ́ di ọ̀daràn. Abala 36(12) nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ ọ́ ketekete: wọn ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí òfin kankan kò kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìjìyà rẹ̀. Ilé aṣòfin kò sì ṣe òfin kankan tó ní ká má ní kíríptò.

Ṣé àwọn èèyàn wá jáwọ́? Rárá o. P2P ni wọ́n yà sí, ìyẹn kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà máa bá ara wọn dòwò lórí ìkànnì kan. Ìkànnì á kọ́kọ́ di kíríptò ẹni tó ń tà mú, ẹni tó ń rà á fi náírà ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ẹni tó ń tà, bí owó bá ti wọlé, ìkànnì á tú kíríptò sílẹ̀. Lójú báǹkì, ẹnì kan ló kàn fowó ránṣẹ́ sí ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣòwò náà fi máa ń kìlọ̀ fúnra wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ “crypto” tàbí “BTC” (Bitcoin) síbi àlàyé owó. Nígbà tó fi di ọdún 2023, Íńdíà nìkan ló ṣíwájú Nàìjíríà lágbàáyé nínú àtẹ ìlò kíríptò tí Chainalysis, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa kíríptò, gbé jáde. Ìwé Báǹkì Àpapọ̀ kò pa òwò náà, ó kàn lé e kúrò níbi tí ojú ti lè tó o ni.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ yí àṣẹ náà padà. Ní 2025, òfin ìdókòwò tuntun fi kíríptò sábẹ́ àbójútó SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò.

Lílu jìbìtì ṣì jẹ́ ọ̀ràn o, ibẹ̀ gan-an ni ewu P2P wà: owó tí wọ́n jí lè wọ àkáǹtì rẹ, kí wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń tà, orúkọ tó fowó ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tó ń rà mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ má tú kíríptò yín sílẹ̀.