Pálọ̀ Tí A Ṣe Fún Kámẹ́rà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn lóde òní mọ̀ pé ilé ò tíì parí àfi bí Instagram bá rí i. Àwọn ìyá wa a máa gbálẹ̀ de àlejò. Tiwa, fọ́tò là ń gbálẹ̀ dè. Dẹ́kọ̀, ìyẹn ṣíṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́gbẹ́ pé, ẹ súnmọ́ bí, ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é.

Àjà la ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ tẹ́jú rárá, àjà tó bá tẹ́jú, ti tálákà ni. POP onípele mẹ́ta ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe. Bí pálọ̀ yín bá ga ní mítà 2.7, ìpele mẹ́ta náà lè jẹ sẹ̀ǹtímítà 30 níbẹ̀. Ẹ wá fi fáànù kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á sọ̀ tó mítà 2.1 sílẹ̀, kí Ọlọ́run ṣáà máa ṣọ́ àlejò tó bá na apá sókè láti ká agbádá sí èjìká. Ẹ má sì dúró de òjò o. Àwọn tó mọṣẹ́ á ní kí òjò ọdún kan gbáko dán òrùlé wò kí ẹ tó pe oní-POP, torí ìṣó páánù kan ṣoṣo tí rọ́bà ìdí rẹ̀ ti là tó láti máa ro omi sẹ́yìn àjà. POP á máa mu omi náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á yọ àwọ̀ tíì, á máa wúwo sí i, títí yóò fi já lu sófà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn nígbà tí ìṣílé wà ní Disẹ́ńbà?

Inú ìpele wọ̀nyẹn ni iná LED tí wọ́n tò sórí ọ̀já gbọọrọ ń sá pamọ́ sí. Róòlù kan, mítà márùn-ún. Irú èyí tó ń pa àwọ̀ dà, tó ní iná 60 nínú mítà kan, ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 14.4 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn wáàtì 72 fún odindi róòlù. Lórí fóòltì 12, ámípíà mẹ́fà ló ń béèrè. Àdápítọ̀ ámípíà méjì ni oníná á rà wá, á so róòlù mẹ́ta pọ̀ gbọọrọ, ìbẹ̀rẹ̀ á mọ́lẹ̀ rekete, ìparí á máa ṣẹ́jú. Kí àdápítọ̀ tó iṣẹ́, kí wáyà sì gbé iná lọ bá róòlù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ni oògùn rẹ̀. Elésè-àlùkò ni kí ẹ tàn án sí tọ̀sán-tòru, kí àlejò máa bi yín iye tí ẹ ń ta bíà. Tó bá jẹ́ pé Band A, ìpele àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, ni àdúgbò yín, níbi tí wọ́n sọ yúnítì iná kan di náírà 225 ní Ẹ́príìlì 2024, owó òkùnkùn aláwọ̀ lẹ ń san yẹn.

Ó kan ògiri. Ẹni tó fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, tó sanwó kí wọ́n rẹ́ ẹ kí búlọ́ọ̀kù má bàa hàn, á tún sanwó ra bébà tí wọ́n ya bíríkì sí, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Fífẹ̀ bébà náà sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 53, mítà mẹ́wàá ni gígùn róòlù kan. Ògiri tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, tó ga ní 2.7, á gbà tó mítà 10.8 níbùú-lóròó, ontà á pín in sí 5.3 tí róòlù kan lè bò, á ní róòlù méjì ti tó. Kò tó. Ìlà mẹ́jọ ni ògiri yẹn, ìlà mẹ́ta péré ni róòlù kan ń bọ́ sí, ẹ ó ra mẹ́ta. Bí ẹ bá sì padà lọ ra ẹ̀kẹta lóṣù tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà bátì rẹ̀, ìyẹn ti ìgbà tí wọ́n ṣe é, á yàtọ̀, àwọ̀ rẹ̀ náà á yàtọ̀, ẹ ó wá gbé àwòrán ìgbéyàwó bo ibẹ̀.

Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ nílò oṣù kan ó kéré tán kó tó gbẹ. Lásìkò òjò, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá mọ́ ọn di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sun sábẹ́ ọ̀rá, ẹ ò tíì lè lẹ nǹkan kan. Èyí tó bá fara kan balùwẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀, dúdú-dúdú tó ń rùn ni yóò máa hù lẹ́yìn bíríkì olówó ńlá náà.

Ẹ má dá àwọn ọmọ ìsinsìnyí nìkan lẹ́bi ṣá, ọba àtijọ́ náà fi iṣẹ́ ọnà ilé gba ti òkèèrè. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ wà ní British Museum di òní. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ó wọ òyìnbó lójú, ìtẹ́ tí wọ́n kàn nílùú wọn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún ọba.

Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ojú ẹni tó jókòó kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju mítà kan lọ sílẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí àárín rẹ̀ wà. Ẹ má dá àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ẹ gbé e kọ́ sókè téńté lórí pátákó PVC onílà, kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn máa wò ó bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀.

Yàrá ò ní wàhálà: ìrọ̀rí mẹ́sàn-án lórí bẹ́ẹ̀dì, méjì fún orí, méje fún fọ́tò. Alaalẹ́ ni kí ẹ máa kó méje náà sílẹ̀, kí baálé ilé máa kọsẹ̀ lára wọn lóru.

Ilé ìdáná ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Méjì ni wọ́n ń kọ́ báyìí. Ti iwájú ní mábù funfun àti èso oníke. Ti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń din ata, tí irú ti ń rùn fàlàlà. Ẹni tó bá ṣèèṣì sebẹ̀ níwájú á rí àbọ̀: kíkan inú tòmátò àti ọsàn wẹ́wẹ́ á jẹ dídán ojú mábù, epo pupa á mu wọ inú rẹ̀, á di àpá. Gíránáìtì dúdú ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àmọ́ kì í yọ dáadáa nínú àwòrán. Lókè gáàsì, ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ń kùn yùn-ùn, kò sí páìpù kankan tó jáde síta lára rẹ̀. Èéfín ata á gba ìsàlẹ̀ wọlé, á gba iwájú jáde, á padà bá alásè.

Ó wá ku balùwẹ̀, níbi tí ṣáwà tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun ti ń rọ̀ látòkè. Mítà mẹ́wàá ni tánkì gbọ́dọ̀ fi ga ju ṣáwà lọ kí omi tó ní agbára báà kan (báà ni òṣùwọ̀n bí omi ṣe ń tì tó). Tánkì yín wà lórí irin tó ga ní mítà mẹ́fà. Ṣáwà ga ní méjì. Mẹ́rin ló kù, báà 0.4, kí páìpù tóóró àti kọ̀rọ̀ rẹ̀ tó mú tiwọn níbẹ̀. Ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ní ju kó máa ta tó, tó, tó. Ẹ lè ra ẹ̀rọ tó ń ti omi, á sì ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Bí iná bá lọ tí ọṣẹ wà lójú, ẹ ó nílò garawa àti kọ́ọ̀bù nínú yàrá onígíláàsì tí ṣáwà wà yẹn. Funfun ni kí ẹ rà, kó bá táìlì mu.