Ẹ yéé bú Bọ̀ọ̀dá mi

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí o. Láàárọ̀ yìí l'ọ́jà Òkè-Ajé, mo ń ra gàrí mi jẹ́jẹ́, ni ọ̀rẹ́ Màámi kan bá ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ tí ò wá síbi òkú ìyá ẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù?" Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mi ò fèsì, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ríníù físà iṣẹ́ ṣá? Ọ̀sẹ̀ kejì tí Bọ̀ọ̀dá mi fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni Màámi jáde láyé. Òfin tiwọn ní Ìlú Ọba ni pé tó o bá ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ kí físà ọwọ́ ẹ tó parí, o lè máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ títí wọ́n á fi dá ẹ lóhùn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n tó o bá fi jáde nílùú wọn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á kà á sí pé o ti gba fọ́ọ̀mù ẹ padà, ó di kó o tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé níbí. Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀ tó so mọ́ ìwé ẹ̀ ńkọ́? Owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ físà nìkan, £1,035 lórí àgbàlagbà kan lọ́dún kan, £624 ni kó tó di oṣù kejì ọdún 2024. Ọdún mẹ́ta fún àwọn méjèèjì, £6,210, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gbà á, ká má tíì sọ owó fọ́ọ̀mù.

Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ yẹn náà la sin Màámi, kò sẹ́ni tó retí ẹ̀. Ti ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi ń bú u. Èmi ni mo gbé fóònù dání lọ́jọ́ náà. Aṣọ iṣẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá mi wọ̀ lọ́hùn-ún, ó fara pamọ́ síbi tí wọ́n ń kó páálí sí. Àwọn ààfáà ń ṣàdúà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ge, gbogbo èèyàn á ti ṣe àmín tán kí tiẹ̀ tó dé. Nígbà tó yá, ó ní kí n gbé òun lọ sẹ́yìnkùlé, kóun rí agolo oníhò tí Màámi fi ń rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́. Mo gbé e síwájú kámẹ́rà. Ewùrà ṣì gbẹ mọ́ ojú ihò ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò ó ṣáá. Ẹni tí ò moore ló ń ṣe báyẹn?

Àwọn tó ń bú u yìí náà ló pè é pé kó fowó màlúù ránṣẹ́, ó sì fi ránṣẹ́.

Físà ti jáde, ó ti lé lóṣù méjì. Ó ní òun ṣì ń san gbèsè tóun jẹ lórí ẹ̀, pé tó bá di Iléyá òun á wá dé sàréè Màámi. Mo gbà á gbọ́, ẹni tó bá sì tún bú u lójú mi, a jọ máa fà á ni. Ṣùgbọ́n lálẹ́, tí mo bá ń ti ilẹ̀kùn yàrá Màámi, inú máa ń bí mi, mi ò wá mọ̀ bóyá físà ni mò ń bínú sí àbí òun.