Èmi tí mo kúrú yìí, mo ní ọ̀rọ̀ í sọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi fídíò oògùn tí í mú èèyàn ga ránṣẹ́ sí mi, ẹ ṣeun, àmọ́ ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ má sì fi "abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fádìẹ" tù mí nínú. Mi ò sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe jí báyìí, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo gbé ìwé líle kan lé orí, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ ṣú, tí mo ti dúró tí mo ti rìn látàárọ̀, mo tún un ṣe. Ìlà alẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà kan gbáko rẹlẹ̀ ju tàárọ̀ lọ! Kò sí àjẹ́ ńbẹ̀ o. Nǹkan kan wà bíi tìmùtìmù láàárín eegun ẹ̀yìn wa, ìwúwo ara la fi ń tẹ̀ ẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tá a bá sùn, á fa omi mu, á tún wú padà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn fún ọ, kó kàn wọ̀n ọ́ nírọ̀lẹ́ kó tó fún ọ lò, kó tún wọ̀n ọ́ láàárọ̀ tó o bá lò ó tán. O ti ga nìyẹn.

Ibi tó rọ̀ lórí egungun ọmọdé ni egungun ti ń gùn sí i. Tí ìbàlàgà bá ti parí, ibẹ̀ á le, ó tán. Kò sí oògùn tó ń ṣí i.

Ẹ tún máa ń bi mí pé ta ni mo fi jọ. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ yẹ àbùdá táwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 5 jogún lára òbí wọn wò, wọ́n rí nǹkan bí 12,000 ìyàtọ̀ nínú rẹ̀ tó lọ́wọ́ sí gíga èèyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi bíńtín kún un tàbí kó yọ bíńtín kúrò. Ta wá ni kí n mú nínú wọn?

Àjogúnbá nìkan kọ́ náà sì ni. Ní Gúúsù Kòríà, àwọn obìnrin tí wọ́n bí lọ́dún 1996 fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju àwọn tí wọ́n bí lọ́dún 1896. Ẹ̀jẹ̀ ìran wọn ò yí padà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Oúnjẹ, omi tó mọ́ àti ìtọ́jú ló yí padà. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ò fi lọ́rùn sílẹ̀ kó tó pé ọdún méjì, agbára tí ì bá fi ga ló ń fi bá àìsàn jà. Tó bá wá dàgbà tán, ẹ ó máa pè é ní kúkúrú bíkú, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Gíga ọ̀hún gan-an, ẹ rora máa gbàdúrà fún un. Robert Wadlow ti Amẹ́ríkà ga tó sẹ̀ǹtímítà 272, torí ẹṣẹ́ kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀, èyí tó ń tú èròjà tó ń mú ara dàgbà jáde, ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Irin tó fi ń gbé ẹsẹ̀ dúró ló dá egbò sí i lọ́rùn ẹsẹ̀, egbò náà ló sì pa á lọ́dún 1940. Ọmọ ọdún 22 péré ni.

Ìlà méjèèjì ṣì wà lára ògiri. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bọ́ bàtà, ó ní kí n fa tòun náà. Ó ku bí ìka mẹ́ta kó bá mi. Ìlà alẹ́ ló ní òun ń lé.